Iṣan Tí A Là Tí Ó Tún Ń Dí: Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Lè Sọ fún Wa ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Àwọn ẹbí aláìsàn ni wọ́n sábà máa ń béèrè rẹ̀, tìbínú-tìbínú ni wọ́n sì máa ń béèrè rẹ̀: bí dókítà bá ti la iṣan tí ó dí, tí a sì ti san owó iṣẹ́, kí ni ó tún ń dí i?

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo bàbá kan. Oníṣòwò kòkó ni, Iléṣà ni ó ń gbé, ọmọ ọdún 63 ni, ó sì ti tó ọdún mẹ́wàá tí àrùn àtọ̀gbẹ ti ń bá a fínra. Kò lè rìn láti ilé rẹ̀ dé Ẹ̀rẹ̀jà mọ́ kí ẹran tí ó wà lẹ́yìn ojúgun rẹ̀ má mú un dúró. Nígbà tí ó yá, ọgbẹ́ kékeré yọ sí i ní ọmọ ìka ẹsẹ̀, ọgbẹ́ náà kọ̀, kò jinná. Àwọn ọmọ dá owó jọ, wọ́n ta ilẹ̀ kan, wọ́n gbé bàbá wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la iṣan láìfi ọ̀bẹ la ara. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà wọlé, wọ́n sì ṣe ìdúpẹ́. Ní oṣù karùn-ún, ìrora náà padà dé. Àkọ́bí ní àwọn dókítà ti rẹ́ àwọn jẹ. Èkejì ní ọwọ́ ayé ni. Ẹ̀kẹta ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà kí gbogbo wọn lè sinmi. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó béèrè ohun tí ń ṣàn nínú iṣan náà.

Àkàwé ni bàbá yìí, kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé ìwòsàn ńlá ní apá ibí yìí tí kò ní mọ ẹnì kan tí ó jọ ọ́.

Iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn lọ sí gbogbo ara ni n óò máa pè ní iṣan àlọ nínú ọ̀rọ̀ mi. Èyí tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn ni iṣan àbọ̀. Iṣan àlọ kì í ṣe páìpù lásán. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún tí ó ń dán, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn awọ yìí ni ẹran wà, ẹran tí ó lè fún tí ó sì lè tú. Bí ọ̀rá, sẹ́ẹ̀lì funfun àti ẹfun bá ń kó ara jọ sí abẹ́ awọ tẹ́ẹ́rẹ́ náà fún ọdún púpọ̀, ojú ọ̀nà yóò máa fún, ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó dé ẹsẹ̀ tàbí ọkàn kò sì ní tó mọ́.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1964 ni Charles Dotter, ní ìlú Portland ní Amẹ́ríkà, ti wáyà tín-ín-rín kan bọ inú iṣan àlọ itan ìyá arúgbó kan, ẹni ọdún 82, tí ó kọ̀ jálẹ̀ pé wọn kò ní gé ẹsẹ̀ òun. Ó fi ọ̀pá rírọ̀ tẹ̀lé wáyà náà, ó sì tún fi èyí tí ó nípọn jù ú lọ tẹ̀lé e, ọ̀nà sì là. Ẹsẹ̀ náà gbóná padà, ìyá náà sì ń fi rìn títí ó fi kú ní nǹkan bí ọdún méjì ààbọ̀ lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1977, ní Zurich, Andreas Grüntzig ti bàlúùnù kékeré wọ inú iṣan àlọ ọkàn ẹni tí ó jí sílẹ̀, ó sì fi la ibi tí ó fún. Nígbà tí ó di ọdún 1986, Jacques Puel ní Toulouse fi okùn irin híhun kékeré kan, tí wọ́n ń pè ní stent, gbé ògiri iṣan ọkàn dúró kí ó má baà wó padà.

Ìdùnnú ńlá ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹ wo òǹkà. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù tí èsì rẹ̀ jáde ní 1994, iṣan ọkàn tún fún láàárín oṣù díẹ̀ fún bí ènìyàn 32 nínú 100 tí wọ́n fi bàlúùnù nìkan là, àti fún bí 22 nínú 100 tí wọ́n fi stent sí. Ti ẹsẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Vienna, nínú ìwádìí tí ó jáde ní 2006, lẹ́yìn ọdún kan gbáko, iṣan itan ti tún fún fún 63 nínú 100 àwọn tí wọ́n lo bàlúùnù fún, àti fún 37 nínú 100 àwọn tí wọ́n fi stent sí. Stent tuntun tí wọ́n fi oògùn kùn, tí a ti ń lò láti nǹkan bí 2002, ti dín ti ọkàn kù gidigidi; ti ẹsẹ̀ kò tíì rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí àkọ́bí bàbá wa dárí ji àwọn dókítà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí bàbá rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Vienna pẹ̀lú, lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú.

Kí ni ó fà á? Bí bàlúùnù bá wú nínú iṣan, ó ń fa inú iṣan náà ya. Ọgbẹ́ ni. Ohun tí ara ń ṣe sí gbogbo ọgbẹ́ ni yóò sì ṣe sí i. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, àwọn èérún inú ẹ̀jẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mú ẹ̀jẹ̀ dì yóò ti sá dé ibẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun yóò tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn èyí, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹran tí ó wà nínú ògiri iṣan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, wọn yóò sì máa rìn bọ̀ wá sí inú. Gbogbo wa ni a mọ ẹni tí ó lu etí, tí ojú ibẹ̀ jinná tán tí àpá rẹ̀ kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dúró, tí ó ń wú títí ó fi tóbi ju etí lọ. Kì í ṣe àrùn kan náà, ṣùgbọ́n ìwà wọn jọra.

Ó yẹ kí n ya ohun méjì sọ́tọ̀ níhìn-ín, nítorí pé àwọn ènìyàn máa ń dà wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni kí ẹ̀jẹ̀ dì lójijì sínú stent: wákàtí kan tó láti fi pa ènìyàn bí iṣan ọkàn bá ni, ohun tí ó sì sábà máa ń fà á ni kí aláìsàn dá oògùn dúró ṣáájú àkókò. Èkejì ni kí iṣan máa fún díẹ̀díẹ̀, bí àpá ṣe ń gbèrú. Oṣù 3 sí oṣù 6 ni ó máa ń gbà nínú iṣan ọkàn, ti ẹsẹ̀ sì lè gbà tó ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Àǹfààní tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé ó fún ènìyàn ní àkókò.

Ẹni tí ó bá ti dúró létí odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ti rí i pé omi náà ti pọ́n bí ẹrẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ìdí rẹ̀ kò sí ní Òṣogbo. Òkè odò ni ó wà, ní agbègbè Iléṣà, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà, tí wọ́n ń tú ilẹ̀ sínú omi. Bí a bá kó gbogbo ẹrẹ̀ tí ó wà níwájú ojúbọ kúrò lónìí, omi kan náà ni yóò tún ṣàn dé lọ́la. Bẹ́ẹ̀ ni ti iṣan: ibi kan ni dókítà là, ẹ̀jẹ̀ tí ó ti bá ibẹ̀ jẹ́ fún ogún ọdún sì tún ń kọjá níbẹ̀.

Kí ni ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, nígbà náà? Ṣúgà ni àkọ́kọ́, òun sì ni ó ṣe pàtàkì jù lọ fún wa. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti wò ó, iṣan alátọ̀gbẹ máa ń tún fún ju ti àwọn yòókù lọ. Ṣúgà tí ó pọ̀ ń ba awọ tẹ́ẹ́rẹ́ inú iṣan jẹ́, ó ń mú kí àwọn èérún ẹ̀jẹ̀ tètè lẹ̀ mọ́ ara wọn, ínsúlínì tí ó pọ̀ jù nínú ara sì ń ti àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹran lẹ́yìn láti pọ̀ sí i. Àyẹ̀wò tí gbogbo ayé fi ń wo bí ṣúgà ti rí láti oṣù 2 sí 3 sẹ́yìn ni HbA1c, èyí tí ń wọn iye ṣúgà tí ó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ilẹ̀ wa, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS. Ìwádìí kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2017 fi hàn pé, bí ṣúgà ẹni méjì bá dọ́gba, HbA1c ẹni tí ó jẹ́ AS yóò kéré sí ti ẹni tí ó jẹ́ AA. Ti SS tàbí SC tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ pupa wọn kì í pẹ́ kí ó tó kú. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè jẹ́nótaìpù lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ fẹ́ ọmọ yín, ẹ béèrè rẹ̀ pẹ̀lú nígbà tí wọ́n bá ń ka HbA1c bàbá yín. Ó lè jẹ́ pé òǹkà tí ó dára lójú ìwé kò dára nínú iṣan.

Ọ̀rá ni ó tẹ̀ lé e. Ìtàn wa yàtọ̀ lórí èyí. Ní ọdún 1969, A. O. Williams ní Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi iṣan ọpọlọ àwọn òkú ọmọ Nàìjíríà wé ti àwọn aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun ní Amẹ́ríkà; tiwa ni ó mọ́ jù. Nígbà tí Benjamin Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí ó so Ìbàdàn pọ̀ mọ́ Indianapolis ní 1992, wọ́n rí i pé kọlẹ́sítérọ́ọ̀lù àwọn àgbàlagbà Ìbàdàn kéré sí ti àwọn ará Indianapolis tí wọ́n jọ jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti fi èyí sùn, tí wọ́n ń rò pé àrùn iṣan kì í ṣe tiwa. Oúnjẹ àwọn àgbàlagbà wọ̀nyẹn ni iṣan wọn ń jẹ́rìí sí. Oúnjẹ tí à ń jẹ ní Òṣogbo lónìí kọ́.

Irú ọ̀rá kan wà tí oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Kåre Berg ni ó ṣàwárí rẹ̀ ní Norway ní 1963, Lp(a) ni wọ́n sì ń pè é. Inú ìdílé ni ènìyàn ti ń jogún rẹ̀, kì í sì í yí padà púpọ̀ láti ìgbà èwe títí di ọjọ́ ogbó. Ó máa ń ga lára àwọn tí ó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà ju lára àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Àwọn kan rí i pé bí ó bá ga, iṣan tí a là máa ń tún fún. Àwọn mìíràn wò ó, wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti ga lára àwọn bàbá ńlá wa, tí iṣan wọn sì mọ́, a jẹ́ pé kò lè dá iṣẹ́ ibi ṣe láìní alábàáṣepọ̀. Èrò tèmi nìyẹn. Mo rò pé àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni alábàáṣepọ̀ náà.

Ẹ̀rí kẹta ni ti ìgbóná àti wíwú inú iṣan. Ẹ̀dọ̀ máa ń tú èròjà kan tí ó ń jẹ́ CRP sínú ẹ̀jẹ̀ bí ara bá ń jagun. Àwọn oníṣègùn Vienna rí i pé bí CRP bá ga ṣáájú kí wọ́n tó la iṣan ẹsẹ̀, tàbí ní wákàtí 48 lẹ́yìn rẹ̀, iṣan náà sábà máa ń tún fún láàárín oṣù 6. Ẹ̀rí tí ó wúlò ni. Ṣùgbọ́n ibà kì í wọ́pọ̀ ní Vienna. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ibà ọjọ́ mẹ́ta péré lè gbé CRP ga fíofío, ó sì lè dín àwọn èérún tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́jọ́ ibà sọ àsọtẹ́lẹ̀ nípa iṣan ti ṣì í.

Bákan náà ni ti òǹkà sẹ́ẹ̀lì funfun. Ìwé tí ń jáde láti Ṣáínà àti Túrúkì pọ̀ báyìí tí ó ń fi irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan, neutrophil, wé irú kejì, lymphocyte, tí wọ́n ń sọ pé bí ti àkọ́kọ́ bá ti pọ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, iṣan yóò tún dí. Àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí kò sí àmì Duffy lára ẹ̀jẹ̀ pupa ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa (àìsí àmì yìí ni ó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ irú ibà kan), neutrophil wa kéré láti ilẹ̀ wá, ara wa sì dá ṣáṣá. Ìwọ̀n tí wọ́n gé fún Istanbul kò lè jẹ́ ìwọ̀n Iléṣà.

N kò ní pẹ́ lórí fibrinogen, èròjà tí ń hun okùn tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì. Ó ń ga bí ènìyàn bá ń mu sìgá, ìdí tí ó fi yẹ kí a jáwọ́ nínú sìgá kò sì tún fẹ́ ẹlẹ́rìí. Bẹ́ẹ̀ ni ti kíndìnrín: bí kíndìnrín bá ti ń kọṣẹ́, ẹfun yóò máa le nínú ògiri iṣan, ọ̀nà tí a là kò sì ní pẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan ní kíkún, nítorí àwọn tí ń ta oògùn ẹ̀jẹ̀ nínú ọkọ̀ àti lọ́jà. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ń jẹ́ homocysteine, èyí tí bí ó bá pọ̀ máa ń bá àrùn iṣan rìn. Folic acid, oògùn wẹ́wẹ́ tí gbogbo aboyún mọ̀, lè dín in kù. Ní 2001, àwọn oníṣègùn ní Switzerland fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la iṣan ọkàn wọn ní folic acid pẹ̀lú fítámìn B6 àti B12 fún oṣù 6. Ènìyàn 205 ni gbogbo wọn. Iṣan tún fún fún nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó lò ó, ó sì tún fún fún nǹkan bí ìdá 38 àwọn tí kò lò ó. Gbogbo ayé yọ̀: oògùn tí kò wọ́n, tí kò ní ewu! Ní 2004, àwọn mìíràn ní Jámánì àti Netherlands tún un ṣe fún ènìyàn 636, àwọn tí wọ́n fi stent sí lára. Òdìkejì ni wọ́n rí. Ìdá 34.5 ni ó tún fún lára àwọn tí ó lò ó, ìdá 26.5 lára àwọn tí kò lò ó. Homocysteine wọn dín kù dáadáa. Iṣan wọn ni kò gbọ́. Ewu náà kò hàn lára àwọn obìnrin, àwọn alátọ̀gbẹ, àti àwọn tí homocysteine wọn ga rékọjá, ṣùgbọ́n lára àwọn yòókù ó hàn gbangba.

Báwo ni oògùn kan náà ṣe lè ṣe rere níhìn-ín kí ó ṣe ibi lọ́hùn-ún? Àlàyé tí ó mọ́gbọ́n dání jù ni pé folic acid ń ran gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí ó fẹ́ pọ̀ sí i lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára fún ọmọ inú. Sẹ́ẹ̀lì ẹran tí ń gbèrú yí irin stent ká náà fẹ́ pọ̀ sí i, ó sì rí onígbọ̀wọ́. Kí aboyún kankan má tìtorí ọ̀rọ̀ yìí da folic acid rẹ̀ nù o. Tirẹ̀ kò sí nínú èyí. Ohun tí mo ń sọ ni pé, kí òǹkà kan nínú ẹ̀jẹ̀ dára sí i kò túmọ̀ sí pé iṣan yóò là. Ẹni tí ó bá sì sọ fún yín pé ohun tí òun ń tà ń "fọ ẹ̀jẹ̀," ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí ó ń ṣe fún iṣan tí a ti là.

Nísinsìnyí, kí ni kí bàbá wa ṣe, nígbà tí ó jẹ́ pé òǹkà Vienna kò bá a mu, ti Istanbul kò bá a mu, HbA1c sì lè purọ́ fún un bí ó bá jẹ́ AS? Ìdáhùn náà kò jìnnà sí wa. Láti nǹkan bí 1956 títí di 1961, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, ṣiṣẹ́ ní Imẹ̀sí-Ilé lábẹ́ Wesley Guild Hospital ti Iléṣà. Òun ni ó ṣe káàdì tí ìyá ọmọ máa ń gbé lọ sílé, tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù, káàdì tí ó ti ibẹ̀ tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé. Ìwọ̀n ọmọ lọ́jọ́ kan kò sọ nǹkan púpọ̀ fún Morley. Bí ìlà náà ṣe ń lọ ni ó ń wò: ṣé ó ń gòkè, ṣé ó dúró, ṣé ó ń wálẹ̀? Ọmọ ni ó ń bá ara rẹ̀ dọ́gba, kò bá ọmọ London dọ́gba.

Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá la iṣan rẹ̀ tí ó sì padà wá sí agbègbè wa. Iṣẹ́ lílà lè ṣẹlẹ̀ ní Èkó, ní Ìbàdàn tàbí ní Íńdíà. Kíka ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ilé ni yóò ti ṣẹlẹ̀, èyí tí ó pọ̀ nínú àyẹ̀wò náà kò sì kọjá agbára ilé ìwòsàn ńlá bí ti Yunifásítì ní Òṣogbo àti Wesley Guild ní Iléṣà. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n la iṣan náà sí ìlà kìíní, ibi tí wọ́n là, bóyá stent wà níbẹ̀ àti irú èyí tí ó jẹ́. Kí wọ́n kọ jẹ́nótaìpù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, lóṣooṣù fún ọdún kan, ṣúgà òwúrọ̀ kí ó tó jẹun; ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, HbA1c, kọlẹ́sítérọ́ọ̀lù tí ó burú àti creatinine tí ń sọ nípa kíndìnrín; Lp(a) lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ọ̀nà bá wà. Bí ó bá ní ibà lọ́jọ́ náà, kí wọ́n kọ ibà sí i, kí wọ́n sì fi CRP sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Kí àyè wà fún bí ó ṣe lè rìn jìnnà tó kí ẹsẹ̀ tó mú un dúró. Ẹ má fojú di èyí, ó máa ń ṣáájú ẹ̀rọ sọ̀rọ̀.

Kí àyè kan sì wà fún oògùn, bóyá òun ni ó ṣe kókó jù. Aspirin àti clopidogrel ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni tí wọ́n fi stent sí, láti má ṣe jẹ́ kí àwọn èérún ẹ̀jẹ̀ dì pọ̀. Fún iṣan ọkàn, oṣù 6 sí 12 ni dókítà sábà máa ń dá fún lílo méjèèjì pọ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ yí clopidogrel padà kí ó tó ṣiṣẹ́, ẹ̀dọ̀ àwọn kan kì í sì í ṣe é tán, nípa bẹ́ẹ̀ ó tọ́ kí dókítà mọ̀ bí ó bá ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, ohun tí ó ń dá oògùn yìí dúró jù lọ kì í ṣe ẹ̀dọ̀. Owó ni, tàbí pé ara aláìsàn ti yá, tàbí pé ẹnì kan ní ìjọ sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti tó.

Bí irú káàdì yìí bá ti wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin bàbá wa, kì bá ti dúró de oṣù karùn-ún. Ì bá ti rí i ní oṣù kejì pé ṣúgà òwúrọ̀ ti kúrò ní ibi tí ó wà, pé ní oṣù kẹta àyè oògùn ṣófo, àti pé bàbá tí ó ń rìn dé Ẹ̀rẹ̀jà láìdúró ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà, ní iwájú ilé kan tí àga wà, tí ó ń sọ pé òun kàn fẹ́ kí àwọn ará ibẹ̀ ni.